Kí Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Tán

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ọjà fún àwa tá a fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, pàápàá ti àwọn ẹgbẹ́ indie tí kò sí owó ńlá lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ yẹn ni àwo tuntun ń jáde kárí ayé. Ọjọ́ yẹn kan náà ni tíkẹ́ẹ̀tì eré sábà máa ń bọ́ sọ́jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni àwo ń jáde nílùú Ọba, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà, ẹni tó wà ní Leeds á ti gbọ́ àwo kan ní àgbọ́túngbọ́ kí ará New York tó rí i rà. Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2015 ni àwọn ilé-iṣẹ́ agbáwojáde bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì.

Leeds yìí ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wa kò mọ ọjọ́ Ẹtì yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà kí wọ́n tó pín iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ fún wa, mo ti máa ń mọ àwo tó fẹ́ jáde àti eré tí mo fẹ́ lọ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí mo bá bẹ ẹnì kan pé kó bá mi pààrọ̀ iṣẹ́ alẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹgbẹ́ wo ló tún ń bọ̀?" Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fẹ́ràn orin yìí níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n rò pé àwọn nìkan ni. Wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Inú ìró jìtá ni mo dàgbà sí n'Íbàdàn. Àwo Sunny Adé àti ti Ebenezer Obey kì í sinmi lórí ẹ̀rọ bàbá mi, mo sì ti mọ̀ láti kékeré pé jìtá mẹ́ta mẹ́rin lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìjà. Nígbà tí mo débí, tí ẹni tá a jọ háyà ilé fi orin ẹgbẹ́ TV on the Radio sí i lálẹ́ ọjọ́ kan, etí mi ti dá nǹkan kan mọ̀ nínú rẹ̀ kí n tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ariwo jìtá wọn ki, ìlù wọn le, ṣùgbọ́n ohùn méjì mẹ́ta ń gbe ara wọn lábẹ́ ariwo yẹn, wọn ò sì já ara wọn sílẹ̀ títí orin fi parí. Mo gba páálí àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka orúkọ ẹni tó ń kọrin: Tunde Adebimpe. Mo tún un kà. Wọ́n bí i sí St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 1975, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Brooklyn ni òun àti David Sitek ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mi ò ti yà lẹ́yìn wọn.

Àwọn gan-an ló sì kọ́ mi ní sùúrù. Touch and Go, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Chicago, ló gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2003 àti 2004. Nínú àwo wọn ti 2006, David Bowie, gbajúgbajà olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ wá bá wọn gbe orin kan. Nígbà tí wọ́n gbé Dear Science jáde ní 2008, àwọn ìwé ìròyìn orin tó lórúkọ fi í ṣe àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀. Wọ́n padà dé pẹ̀lú àwo tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, inú gbogbo wa dùn. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tí àwo náà jáde tí Gerard Smith, ẹni tó ń lu jìtá ohùn ìsàlẹ̀ fún wọn, fi kú. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, ọmọ ọdún 36 ni. Wọ́n fagi lé eré mélòó kan, wọ́n tún dìde, wọ́n ń bá ìrìnàjò wọn lọ. Àwo mìíràn jáde ní 2014. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá láìsí àwo tuntun kankan.

Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ máa ń sọ̀rọ̀ wọn ti kó lọ sídìí nǹkan mìíràn. Èmi ò kó lọ. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé olórin tó dákẹ́ lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Tunde ń ṣe fíìmù, ó ń yàwòrán, torí iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn ló ti ṣe rí kí orin tó gbà á. Èèyàn tún ń bímọ, ó ń sìnkú, ó ń wá owó ilé. Ní 2024, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ fi ṣàjọyọ̀ ogún ọdún àwo gígùn wọn àkọ́kọ́, pé àwọn á tún un gbé jáde, àwọn á sì ṣeré ní New York, Los Angeles àti London. Àwa tá a ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Tunde gbé àwo tirẹ̀ nìkan jáde lọ́dọ̀ Sub Pop, ilé-iṣẹ́ ìlú Seattle tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì kì í fi ṣeré. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ sùn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àárọ̀ ń dúró dè mí.

Ìyá mi kì í lóye ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan lórí fóònù, mo ń ròyìn eré kan fún wọn, wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n wá bi mí pé:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ wò wọ́n yẹn, ṣé ẹ náwó fún wọn?"

"Rárá, Màámi. Wọn kì í náwó fún olórin níbí."

"Ta ló wá ń fún wọn lówó?"

Mi ò rí ìdáhùn tó já gaara fún wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wo gbogbo ìròyìn àwo àti ti eré láti ìgbà náà. Lóde ìnáwó tiwa, bí olórin bá ti kì ọ́, tó pe orúkọ bàbá rẹ, owó á máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú lójú gbogbo èèyàn, ó sì mọ ẹni tó náwó fún òun. Owó olórin rọ́ọ̀kì kì í wá báyẹn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọwọ́ tó ń bù nínú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó fẹ́ràn olórin náà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí owó òun máa gbà tí kò fi ní tán sójú ọ̀nà.

Gbígbọ́ orin lórí fóònù kì í mú nǹkan gidi wá fún ẹgbẹ́ kékeré. Láti 2024, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi odindi ọdún kan ṣe orin tí kò ní dé iye yẹn. Èmi náà ń gbọ́ orin lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí orin kan bá ti wọ̀ mí lára, mo máa ń rà á. Bandcamp, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ni mo sábà ń lọ, nítorí ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń mú lórí orin, ìdá 10 lórí ẹ̀wù àti àwo, owó báǹkì díẹ̀ ló kù, ọ̀dọ̀ olórin ni ìyókù ń lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn eré pa, wọ́n ya ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020 sọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní mú ìpín tiwọn lọ́jọ́ náà. Ó di àṣà. Wọ́n ṣì ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi a sì máa kó ohun tí mo fẹ́ rà jọ de ọjọ́ náà.

Orí eré ni oúnjẹ wọn wà, ìyẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré náà lè di gbèsè. Ẹ wo Simbiatu Ajikawo, ọmọ wa tí ayé mọ̀ sí Little Simz. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì ló ń kọ, ṣùgbọ́n aládàáni ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn tí àwo rẹ̀ ti gbayì káàkiri, ó fagi lé ìrìnàjò eré rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ó ní òun lòun ń fi owó ara òun san gbogbo nǹkan, pé gbèsè ńlá ni òun máa bọ́ sí bí òun bá lọ. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, Animal Collective, ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn ti pẹ́ nílẹ̀, fagi lé ti Yúróòpù nítorí ọ̀wọ́n nǹkan, owó tí kò níye lórí mọ́ àti owó ẹrù. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bú olórin pé ọ̀lẹ ni, pé kò ka àwọn sí. Ó máa ń dùn mí. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, ti awakọ̀, ti ilé ìtura fún èèyàn méje tàbí mẹ́jọ lálaalẹ́, ti epo, ti físà, kẹ́ ẹ tó fi gbọ̀ngàn tí kò gbà ju igba èèyàn lọ pín in. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ò bá tíì tà títí eré fi kù díẹ̀, ọkàn wọn kì í balẹ̀ rárá. Ẹni tó ra tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n kéde eré ti ṣe ohun ńlá fún wọn, bí iye rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ £14.

Bẹ́ẹ̀ náà ni rírà àwo sílẹ̀ kó tó jáde. Nílùú Ọba, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń ka iye àwo tó tà, láti fi tò wọ́n ní ipò ipò, ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń parí lọ́jọ́bọ̀, gbogbo àwo tí wọ́n ti rà sílẹ̀ ló sì ń wọ inú ìkà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí Arctic Monkeys láti Sheffield, tí kò jìnnà sí wa rárá, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni Domino ní oṣù Kìíní ọdún 2006, ó lé ní 360,000 tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń tẹ̀ lé kì í lálàá irú iye yẹn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré lè gbé wọn dé ibi tí rédíò á ti dárúkọ wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìtàwo fi ń ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an: o ra àwo, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹgbẹ́ náà á wá ṣeré kúkúrú fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á lọ́sẹ̀ tó jáde. Ní Leeds, Jumbo àti Crash ń ṣe é. Ní Kingston ní London, Banquet ń ṣe é. Owó kan, ohun méjì, o sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú kan ojú olórin náà. Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń fi hàn án.

Àwo dúdú ńlá ní ìṣòro tirẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Apollo Masters jóná ní Banning ní California. Wọ́n wà lára ilé-iṣẹ́ méjì péré láyé tó ń ṣe pẹrẹsẹ tí wọ́n kùn lọ́dà, èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ gé orin sí kí wọ́n tó tẹ àwo, èkejì wà ní Japan. Kòrónà gbà á lẹ́nu iná. Ìgbà tí yóò fi di 2021, àwọn ẹgbẹ́ ń dúró fún oṣù gbọọrọ kí wọ́n tó rí àwo wọn gbà, àwọn olórin ńlá sì ti gba iwájú ìlà. Ẹgbẹ́ kékeré tó mọ iye èèyàn tó ti rà á sílẹ̀ mọ iye tí òun máa tẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ń fojú bù ú, bó bá sì tẹ̀ jù, inú yàrá ìyá onílù ni àwọn páálí náà máa wà.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ga jù. Gbogbo ayé ló gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Oasis bọ́ sọ́jà, tí àyè ìdúró tó wà ní nǹkan bí £150 di £355 lójú àwọn tó ti tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n mo tún rántí Robert Smith, olórí ẹgbẹ́ The Cure. Ní 2023, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti $20, àwọn èèyàn wá rí i pé owó iṣẹ́ tí Ticketmaster, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì, fi kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye tíkẹ́ẹ̀tì dọ́gba, ibòmíì ó jù ú lọ. Smith kò dákẹ́. Ó bá wọn fà á, wọ́n sì dá $10 padà fún àwọn tó ra èyí tó rẹlẹ̀ jù, $5 fún àwọn yòókù. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì wọn gan-an síta láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ̀ wọn ń pọ̀ sí i lójú mi. Tèmi ni pé mi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á pamọ́ láti fi pa èrè lérí. Bó bá ti tán, mo máa ń fi orúkọ mi sílẹ̀ níbi tí ẹni tí kò lè lọ mọ́ ti ń tà á ní iye tó rà á. Ọ̀sẹ̀ tí eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni irú rẹ̀ ń jáde jù. Ẹ má tètè sọ ìrètí nù.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi òyìnbó kì í rò sí. Bí ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn bá kéde eré, tí Amsterdam tàbí Paris wà níbẹ̀ tí Leeds ò sí, àwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tán. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ èmi, nítorí náà físà Schengen ni mo máa kọ́kọ́ rò. €90 ni láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. O lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, wọ́n sì lè lo ọjọ́ 15 lórí rẹ̀, ó lè dé 45. Rírí ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé lọ́wọ́ rẹ ló tún le ju gbogbo rẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti wá mọ bí mo ṣe ń tò ó: eré tí kò bá tíì tó oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n kéde rẹ̀, mi ò ní dáwọ́ lé e lókè òkun. Primavera Sound, àjọ̀dún orin ti Barcelona, dára fún irú wa, nítorí ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì máa ń kéde àwọn olórin wọn láti ọdún tó ṣáájú. Físà kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá gbà á, mo máa ń wo bóyá ẹlòmíràn ń ṣeré nítòsí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó Brudenell Social Club ní Leeds níbí. Ọdún 1913 ni wọ́n ti ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò, ibi tí bàbá àgbà ti ń mu ọtí ní ọ̀sán ni jìtá ti ń ké lálẹ́. Irú ibẹ̀ ń tán lọ. Music Venue Trust, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn gbọ̀ngàn kékeré, ka 125 tó kógbá wọlé tàbí tó dá eré orin dúró nílùú Ọba ní 2023 nìkan. Moles ti ìlú Bath wà lára wọn, ó ti lé lógójì ọdún nílẹ̀. Inú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, King Tut's ní Glasgow, tí kò gbà ju 300 lọ, ni Alan McGee ti ilé-iṣẹ́ agbáwojáde Creation ti kọ́kọ́ rí Oasis ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993. Bí King Tut's kò bá sí, mi ò mọ ibi tí ì bá ti rí wọn. Coldplay ṣèlérí ìdá 10 nínú owó eré wọn ti 2025 nílùú Ọba fún irú àwọn gbọ̀ngàn yìí, mo sì ń retí kí àwọn ńlá yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, láìdúró de òfin.

Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ń pẹ́ dé eré. Aago tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ni mo máa ń wọlé, kí n lè gbọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣí eré, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ra ọtí. Alẹ́ kan ní Brudenell, ẹgbẹ́ ọmọbìnrin mẹ́ta kan ló ṣí eré fún àwọn tí mo wá wò. A ò pọ̀ níwájú wọn. Jìtá ẹni tó wà láàárín ní okùn tó já nínú orin kejì, ó ń kọrin lọ bí ẹnì kejì rẹ̀ ti ń bá a tún un so, ìlù ò sì dákẹ́. Lẹ́yìn eré wọn, òun fúnra rẹ̀ ló wà nídìí tábìlì tí wọ́n pàtẹ ẹ̀wù àti àwo sí. Mo ra ẹ̀wù kan àti àwo kékeré kan, mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ń sùn lálẹ́ yẹn. Ó ní àwọn ń wakọ̀ padà sí Newcastle, torí pé iṣẹ́ wà lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún un pé èmi náà níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín, a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àárọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé sí ìlà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ tiwọn ló wà lókè pátákó. Mo bá ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ pààrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ méjì, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti òun.